Bí Olórin Ọ̀dọ́ Ṣe Ń Là ní Japan: Ọ̀nà Tí YUI Gbà

Ní Japan, orin tuntun sábà máa ń gun ẹ̀yìn nǹkan mìíràn jáde: eré orí tẹlifíṣọ̀n, fíìmù, anime (eré àwòrán ti Japan), tàbí ìpolówó ọjà. "Taiappu" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó wo ìbẹ̀rẹ̀ YUI, ọmọbìnrin olórin kan níbẹ̀.

Fukuoka ni wọ́n bí i sí ní 1987. Ó kọ́ gìtá, ó sì ń kọrin lójú títì, bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ṣe ń ṣe: ẹni tó bá wù á dúró gbọ́, ẹni tó ń sáré bá ọkọ̀ ojú irin á kọjá lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ orin Sony Music ń dán àwọn olórin tuntun wò ní 2004, orin méjì ni wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ. YUI jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó gbé gìtá lé itan, ó sì kọ mẹ́ta. Ó rú òfin o, síbẹ̀ wọ́n mú un.

Ilé-iṣẹ́ kì í sáré gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n tẹ 2,000 ẹ̀dà péré nínú orin rẹ̀ "It's Happy Line", bí alásè ṣe ń ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ wò kó tó bù ú síta.

Ọbẹ̀ gangan dé ní 23 oṣù Kejì 2005: "feel my soul", orin eré Fuji TV kan tó ń jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé. Àkókò yẹn lókìkí débi pé ó ní orúkọ tirẹ̀, "getsuku". Irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí omijé bá ti fẹ́ bọ́ lójú òṣèré, orin á wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tí kò mọ orúkọ olórin ti mọ orin.

Àǹfààní ẹ̀ máa ń kan tọ̀tún-tòsì. Ilé-iṣẹ́ orin rí ìpolówó. Ilé tẹlifíṣọ̀n náà sì sábà máa ń ní ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin, kó lè rí tirẹ̀ gbà nígbàkigbà tí wọ́n bá kọ orin náà ní karaoke. Kódà ọjọ́ tí àwo ń jáde ní ìṣirò nínú. Ọjọ́rú ni 23 oṣù Kejì yẹn, torí Oricon, ilé-iṣẹ́ tó ń to àwo lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe tà sí, máa ń ka títà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù sì máa ń gba ọjà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ ni àwo á fi rí ọjọ́ tó pọ̀ tà nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ti anime le díẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni wọ́n ń fún orin, nítorí náà olórin gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ègé yẹn lè dá dúró. Ẹni tó bá wo anime tó ń jẹ́ Bleach dáadáa ti gbọ́ ohùn YUI: "LIFE" ló fi ń parí ní 2005, "Rolling star" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ní 2007.

Èyí tó jọni lójú jù ni ti 2006. Wọ́n fi YUI fúnra rẹ̀ ṣe ọmọbìnrin olórin inú fíìmù kan, Kaoru Amane, òun náà ló sì kọ orin rẹ̀, "Good-bye days". Nígbà tí àwo jáde, orúkọ méjèèjì ló wà lára rẹ̀: YUI fún Kaoru Amane.