Ìrọlẹ̀ òru la wí o, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan, ṣe máa ń dín kù téèyàn bá sùn lóru, ta ló kọ́kọ́ pè é ní "ìjábọ́ ẹ̀jẹ̀"? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni kan lórí rédíò, ó ń ṣàlàyé bí àìsùn ṣe ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ń dùn bọ̀, àfi bó ṣe ní "tẹ́ ẹ bá sùn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ yín á já bọ́ lóru". Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbójú sókè, ó ní "kí ló já bọ́?" Ṣé ẹ rí i? Létí obìnrin Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ tó ń já bọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ká sáré wá mọ́tò lọ hòsípítù nìyẹn. Ẹlòmíì tiẹ̀ tún wà tó lọ gbé "dip" táwọn oyìnbó ń lò, ó ní kí nǹkan ri sínú omi nìtumọ̀ ẹ̀, ló bá sọ ọ́ di "ìrìbọmi ẹ̀jẹ̀". Ìrìbọmi kẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Èmi, ìrọlẹ̀ òru ni mò ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ wò ó, ó pẹ́ tá a ti ń sọ ẹ̀jẹ̀ ríru lédè wa, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Nǹkan tó bá ru, kí ló máa ń ṣe tó bá yá? Ṣèbí ó máa ń rọlẹ̀ ni. Òkun ru, òkun rọlẹ̀. Ìlú dàrú, ìlú rọlẹ̀. Èdè ti so méjèèjì pọ̀ kí dókítà kankan tó dé, kí la wá ń wá kiri inú ìwé oyìnbó? Àti pé téèyàn bá pè é, létí tèmi, ó ń ránni létí rírọ̀, iṣan tó rọ̀ la sì ń fẹ́, kì í ṣe èyí tó gan.

Olùkọ́ Yorùbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní wàhálà ni mò ń dá sílẹ̀, pé nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ̀wé lórí fóònù, "irole" lásán làwọn èèyàn máa rí, wọ́n á rò pé nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ laago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Sà, ẹ má bínú, ṣé torí pé ọkọ àti ọkọ́ jọra lójú fóònù la fẹ́ wá orúkọ míì fún ọ̀kan? Ìdí nìyẹn tí mo tiẹ̀ fi òru tì í lẹ́yìn. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá, "ìdínkù ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò oorun", ó tọ́ o, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ó gùn bí ìwé ẹjọ́, ẹni tó bá fẹ́ pè é tán, oorun á ti gbé e lọ. Ìfúnpá gan-an máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí oògùn táwọn ọdẹ ń so mọ́ apá ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Àmọ́ mi ò bá ìyẹn jà, nǹkan tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ wa lápá yẹn, ó kúkú jọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ rèé. Ẹni tára ẹ̀ dá, tó bá ti sùn, ìfúnpá ẹ̀ máa ń fi ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún rọlẹ̀ sí ti ojú ọ̀sán. Ẹni tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀ ń jẹ́ 120 lọ́sàn-án, ó yẹ kó wà ní 108 tàbí kó tún dín sí i lójú oorun. Oorun àsùnwọra ló ń ṣiṣẹ́ yìí, ìgbà yẹn ni ara ń ṣíwọ́ àtimáa ké sọ́kàn pé "sáré, ogun ń bọ̀". Ẹni tí ò bá sùn, igbe yẹn ò dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ n fi gángan ṣe é. Onílù gbé e há abíyá, tó bá fi apá fún ọsán, ìyẹn okùn ara ẹ̀, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Tó bá dẹ apá, awọ á dẹ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Tó bá darí òde dé, á gbé e kọ́ ara ògiri, ọsán á sinmi. Ká wá ní ọmọ kan mú okùn, ó so ìlù yẹn pinpin níbàdí, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú, ó sì ń ṣe é ní alaalẹ́. Lọ́jọ́ tí bàbá onílù bá tú okùn, ọsán á ti nà, awọ á ti gan, dò á ti tán lẹ́nu ìlù, mí nìkan láá máa ké.

Awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ló rí, àwọn kan fẹ́ ká máa pè é ní ẹndotílíọ́ọ̀mù títí ahọ́n wa á fi kán. Òun ló ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, nitric oxide, tó ń sọ fún iṣan pé kó dẹ̀. Lọ́dún 1980 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Robert Furchgott, fi hàn l'Amẹ́ríkà pé téèyàn bá ti ha awọ inú yẹn kúrò nínú iṣan ehoro, oògùn tó yẹ kó mú un dẹ̀ ò ní ràn án mọ́. Òun, Louis Ignarro àti Ferid Murad ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn lórí lọ́dún 1998. Àìsùn tó bá ti di bárakú, awọ inú ò ní lè tú u jáde bó ṣe yẹ mọ́, ibi tí iṣan ti ń gan nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ̀ lé e, rọpárọsẹ̀ náà ń wò wọ́n lọ́ọ̀ọ́kán.

Bọ̀ọ̀dá mi kan ń gbé Ìkòròdú, Victoria Island ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde kí gósiloò má bàa ká a mọ́nà, tó bá sì délé lálẹ́, á tún wo bọ́ọ̀lù di aago méjìlá kọjá. Dókítà so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn lápá fún odindi ọjọ́ kan, tó máa ń wú fúnra ẹ̀ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tọ̀sán tòru, ìyàwó ẹ̀ ní ńṣe ló dà bíi pé èèyàn ń fẹ́ táyà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n ka á, 138 lọ́sàn-án, 134 lójú oorun. Kò rọlẹ̀ tó bó ṣe yẹ rárá. Dókítà ò tíì sọ̀rọ̀ oògùn tó fi bi í pé wákàtí mélòó ló ń sùn, bọ̀ọ̀dá ní mẹ́ta, mẹ́rin, dókítà wá sọ fún un pé méje sí mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn l'Amẹ́ríkà (American Heart Association) fi sínú ìlànà wọn lọ́dún 2022. Bọ̀ọ̀dá bi í bóyá wọ́n mọ Ìkòròdú.

Mo ṣàlàyé fún bọ̀ọ̀dá pé irú ẹ̀ là ń pè ní aláìrọlẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló dá mi lóhùn láti kíṣìnnì, ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ tóun ti fẹ́ ẹ.