Postville, Iowa: àwọn ará ìlú àti iṣẹ́ wọn

Postville jẹ́ ìlú kékeré kan ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Iowa, ní agbègbè tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Midwest. Káúńtì Allamakee àti káúńtì Clayton ló pín in mọ́wọ́. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 2,503 ni wọ́n kà níbẹ̀. 2,227 ni wọ́n ní 2010. Kò sí fásitì ní ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olú-ìlú káúńtì kankan. Ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri ni odò ẹran kan, àti àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Júù láti New York, ará Guatemala, ará Mẹ́síkò, ọmọ Sòmálíà, ará erékùṣù Palau. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó ń gbé Postville ní àsìkò kan, kí ó kọ́kọ́ béèrè irú ẹni tó di ọ̀bẹ mú ní odò ẹran náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìlú

Lára Joel Post ni ìlú ti gba orúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, ọkùnrin yìí ṣí ilé èrò kan sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ń gbà láti Fort Crawford, lẹ́bàá odò Mississippi, lọ sí Fort Atkinson. Ìdajì ọ̀nà ni ilé èrò náà wà, ibẹ̀ sì ni àwọn awakọ̀ ẹṣin ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń sùn. Ọdún 1840 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Fort Atkinson láti máa ṣọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yà Ho-Chunk, tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn ní Wisconsin kọjá sí Iowa. Láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ ni ìlú náà fi ń jẹun.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ dé: ará Jámánì, ará Nọ́wè àti ará Ireland. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Lútérà àti ti Àgùdà, wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n sì ń fún wàrà. Ilẹ̀ apá ibẹ̀ kún fún òkè kéékèèké, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àárín Iowa, ìdí nìyẹn tí màlúù oníwàrà fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀wà sóyà dara pọ̀ mọ́ àgbàdo ní ọ̀rúndún ogún.

Ọmọ ìlú náà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni John R. Mott. New York ni wọ́n bí i sí ní 1865, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Postville. Oníṣòwò pákó ni baba rẹ̀, òun sì ni wọ́n yàn ṣe mẹ́yọ̀ àkọ́kọ́ fún ìlú. Mott di aṣáájú ẹgbẹ́ YMCA àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ káàkiri ayé, ó sì wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1946.

Odò ẹran

Àwọn ọdún 1980 le fún àwọn àgbẹ̀ Iowa. Gbèsè báǹkì gba oko lọ́wọ́ ọ̀pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ sí ìlú ńlá, ilé iṣẹ́ ẹran tó ti wà ní Postville tẹ́lẹ̀ sì ti tì. Ní 1987 ni Aaron Rubashkin, alápatà Júù kan láti Brooklyn ní New York, ra ilé òfìfo náà. Ó sọ ọ́ ní Agriprocessors. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò le láti lóye: dípò kí wọ́n máa kó màlúù láàyè lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkun, kí wọ́n pa á níbi tí wọ́n ti ń sìn ín, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ oníyìnyín gbé ẹran lọ.

Ẹran kosher ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn èyí tí òfin ẹ̀sìn Júù fọwọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ọ̀bẹ lò ló lè pa á. Shochet ni wọ́n ń pe ẹni tó ń dúńbú ẹran náà. Ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ òfin, kí wọ́n sì ti fún un ní àṣẹ. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní eyín kankan. Kó tó lò ó, yóò fi ẹ̀gbẹ́ èékánná tọ ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, bó ti wù kó kéré tó, ọ̀bẹ náà ti di èyí tí wọn yóò tún pọ́n. Lẹ́yìn ìdúńbú, ẹlòmíràn yóò ki ọwọ́ bọ àyà màlúù láti yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò. Adìẹ kosher kì í kan omi gbígbóná kí wọ́n tó tu ìyẹ́ rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ìtuyẹ́ náà ń gba agbára. Wọ́n á rẹ ẹran sínú omi fún ìdajì wákàtí, wọ́n á fi iyọ̀ bò ó fún wákàtí kan kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, wọ́n á sì fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Apá ẹ̀yìn màlúù ní iṣan àti ọ̀rá tí òfin kọ̀, yíyọ wọn sì ń gba àkókò gan-an, nítorí náà ọjà àwọn tí kì í ṣe Júù ni wọ́n sábà máa ń tà á sí.

Àwọn rábì àti shochet ló wà lókè. Àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tó ń gé, tó ń bó awọ, tó ń kó ẹran sínú páálí nínú yàrá tútù, tí ẹ̀rọ ń gbé ẹran kọjá níwájú wọn láìdúró. Iṣẹ́ kan náà, ìgbésẹ̀ ọwọ́ kan náà, láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́ nítorí Sábáàtì.

Àwọn Júù náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Lubavitch, ìjọ kan nínú ẹ̀sìn Júù, kó ìdílé wọn wá, wọ́n ṣí sínágọ́gù àti ilé ẹ̀kọ́. Àárín wọn àti àwọn onílé, ìyẹn àwọn tó ti ń gbé ìlú náà tẹ́lẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gún. Ẹ̀sùn àwọn onílé ni pé àwọn àlejò kì í kíni lójú pópó, wọ́n ń nájà níbi tí ìnájà kò sí, wọn kì í sì gé koríko iwájú ilé wọn. Ọ̀rọ̀ koríko kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ní Iowa. Àwọn Júù ní tiwọn mọ̀ pé òfin ẹ̀sìn àwọn kò gba kí àwọn máa jẹun nílé aládùúgbò. Ní 1997, ìlú dìbò láti fa ilẹ̀ odò ẹran náà, tó wà lẹ́yìn ààlà, wọ inú ìlú kí ó lè wà lábẹ́ àkóso ìlú. Àwọn tó ni í kò fẹ́ ẹ, àmọ́ ìbò náà wọlé, ilé iṣẹ́ kò sì kó lọ.

Ilé iṣẹ́ ẹran tòlótòló kan tún wà ní Postville, títí iná fi jó o ní Oṣù Kejìlá 2003.

Ọjọ́ 12 Oṣù Karùn-ún 2008

Nígbà tó fi máa di ìgbà yìí, àwọn ará Guatemala àti Mẹ́síkò ló pọ̀ jù lórí ìlà iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ará Guatemala wá láti abúlé kan náà tàbí àwọn tó múlé gbè é ní òkè Chimaltenango, bí ẹ̀gbọ́n ti ń ránṣẹ́ pe àbúrò. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé àṣẹ láti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹlòmíràn tàbí ayédèrú ni wọ́n fi gba iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n yí odò ẹran náà ká, hẹlikópítà sì ń fò lókè. Wọ́n mú ènìyàn 389: ará Guatemala 290, ará Mẹ́síkò 93, ará Ukraine 4, ará Ísírẹ́lì 2. Kò tíì sí ìkọlù ìmígíréṣọ̀n sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n kó wọn lọ sí pápá ìpàtẹ màlúù ní Waterloo, níbi tí wọ́n ti sọ gbọ̀ngàn ijó di ilé ẹjọ́. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń mú wọn wọlé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ohun tí wọ́n fi síwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kí wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, kí wọ́n lo oṣù márùn-ún lẹ́wọ̀n, kí wọ́n sì padà sílé. Ẹni tó bá kọ̀ lè kojú ẹ̀sùn olè ìdánimọ̀, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín ní ọdún méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ náà, Erik Camayd-Freixas, sọ ní gbangba pé púpọ̀ nínú wọn kò lóye ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Flores-Figueroa, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pinnu pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ̀ pé nọ́ńbà tó ń lò jẹ́ ti ẹlòmíràn kí ẹ̀sùn yẹn tó lè dúró. Nígbà yẹn, àwọn ará Postville ti lo ẹ̀wọ̀n wọn tán.

Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti St. Bridget ni àwọn ìdílé sá lọ. Àwọn ìyá kan tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí ọmọ wọ ẹ̀rọ ìṣọ́ni sí ọrùn ẹsẹ̀: wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Iowa. Oúnjẹ, owó ilé, owó iná, gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Oṣù Kọkànlá 2008, Agriprocessors sá sábẹ́ òfin onígbèsè. Ilé ìyágbé ṣófo, ṣọ́ọ̀bù tì. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá Sholom Rubashkin, ọmọ Aaron tó ń darí ilé iṣẹ́ náà, lẹ́bi ìwà jìbìtì sí báǹkì, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 27 ní 2010. Lọ́dún kan náà, ìgbìmọ̀ adájọ́ ìpínlẹ̀ dá a láre lórí ẹ̀sùn 67 pé ó gba ọmọdé síṣẹ́. Ààrẹ Donald Trump gé ẹ̀wọ̀n náà kúrú ní Oṣù Kejìlá 2017.

Lẹ́yìn ìkọlù

Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá ọwọ́ tuntun káàkiri. Wọ́n kó ará Palau wá, nítorí àdéhùn tó wà láàárín erékùṣù náà àti Amẹ́ríkà fún wọn láǹfààní láti ṣiṣẹ́ láìgba fisa. Àwọn ọmọ Sòmálíà náà dé, púpọ̀ nínú wọn láti Minnesota. Hershey Friedman, oníṣòwò Júù láti Canada, ra ilé iṣẹ́ náà ní 2009, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Agri Star. Àwọn ará Guatemala kan padà wá pẹ̀lú ìwé, pàápàá àwọn tí òfin ka sí ẹni tí wọ́n hùwà ọ̀daràn sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Sòmálíà ṣí mọ́ṣáláṣí, sínágọ́gù àti ṣọ́ọ̀ṣì Lútérà ṣì wà, adìẹ kosher sì ń jáde láti ilé iṣẹ́ náà lọ sí ọjà New York.