Tábìlì Télọ̀: Ìdí Tí Láptọ́ọ̀pù Ẹni Tó Ń Kọ́ Kóòdù Fi Ń Lọ́ra

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Kàbbà àti ní Lọ́kọ́ja, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ kọ́ kóòdù sábà máa ń bi ọlọ́jà ni pé, "GB mélòó ni?" Ọlọ́jà á ní 500 ni, oníbàárà á sì mirí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n ń fi GB wọ̀n nínú láptọ́ọ̀pù kan, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn tan: ọ̀kan ni dísíìkì, níbi tí fáìlì ń gbé títí di ọjọ́ tí a bá pa á rẹ́, èkejì ni RAM, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń pòórá ní kété tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Ti dísíìkì ni 500 tí ọlọ́jà dárúkọ. Èyí tí yóò pinnu bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ tàbí yóò máa kanra ni nọ́ńbà kékeré tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè: 4, 8 tàbí 16.

Kóòdù fúnra rẹ̀ kò wúwo rárá. Gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi oṣù mẹ́ta tẹ̀ lè má tó fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù yà. Àwọn irinṣẹ́ tó yí kóòdù ká ló ń jẹ àyè: VS Code tí a fi ń kọ ọ́, ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́, bráwúsà tí a ṣí ojú ewé mẹ́wàá sí nítorí àṣìṣe kan tí kò yé ni, àti fídíò olùkọ́ tí a dá dúró láàárín. Gbogbo wọn ló fẹ́ wà nínú RAM lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ̀ wò ó. Ọwọ́ télọ̀ ni processor, ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an nínú kọ̀ǹpútà, tábìlì tó ń gé aṣọ lórí rẹ̀ ni RAM, yàrá ẹ̀yìn tó ń kó aṣọ oníbàárà sí ni dísíìkì. Aṣọ tó wà nínú yàrá kò ṣeé gé àfi bí a bá gbé e wá sórí tábìlì, yàrá tó fẹ̀ bíi gbọ̀ngàn kò sì lè mú kí tábìlì gùn sí i. Nígbà tí tábìlì bá kún tí oníbàárà mìíràn sì dé, ẹ̀rọ kì í lé e padà. Á wo aṣọ tí ọwọ́ ti kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀, á ká a, á gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, á sì tẹ́ tuntun sí àyè rẹ̀. Bí a bá tún nílò èyí tó ti ká, òmíràn ni yóò ká kí ó tó rí ibi tẹ́ ẹ sí. Windows ti ya àyè kan sọ́tọ̀ lórí dísíìkì fún ká-a-tẹ́-ẹ yìí, pagefile.sys ni orúkọ fáìlì náà. Àwọn tó ń lo Linux, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn bíi Windows, ń pe tiwọn ní swap.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di kàyéfì ni iye àkókò tí gbígbé lọ gbígbé bọ̀ náà ń gbà. Láti inú RAM, nǹkan bíi nanosecond 100 ni. Láti orí SSD, ìyẹn dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, nǹkan bíi microsecond 100 (nanosecond 1,000 ni microsecond kan). Láti orí HDD, ìyẹn dísíìkì tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ó tó millisecond 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (microsecond 1,000 ni millisecond kan), nítorí pé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, yíyípo ẹyọ kan sì ń gba millisecond 11, láìka ìrìn tí apá tó ń kà á ní láti rìn dé ibi tó yẹ. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kéré ju ohun tí ojú inú lè rí lọ, nítorí náà kí a fà wọ́n gùn. Bí mímú nǹkan lórí tábìlì bá gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, mímú un láti SSD yóò tó ìṣẹ́jú 17, bí ẹni pé ọmọ iṣẹ́ rìn dé ilé ọ̀gá rẹ̀ ó sì padà. Mímú un láti HDD yóò tó wákàtí 28: ọmọ iṣẹ́ wọkọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, ó sùn mọ́jú níbẹ̀, ó sì dé lọ́jọ́ kejì, tí télọ̀ ti di sísọ́ọ̀sì mú láti àná tí kò rí nǹkan gé. (Ti kọ̀ǹpútà tiẹ̀ sàn, kì í gbé aṣọ aláṣọ bọ̀.)

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí kò kéré, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju àyè lọ. Àmọ́ òun náà ló ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kò ní sọ pé tábìlì òun kéré. Yóò kàn máa lọ́ra ni, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, tàbí, èyí tó burú jù, pé orí òun ni kò gbé kóòdù. Ẹ̀rọ tó bá lè la ẹnu sọ pé "kò gbà mọ́" ì bá ṣàánú olùbẹ̀rẹ̀ ju èyí lọ.

Nítorí náà, 8GB RAM pẹ̀lú SSD 256GB sàn fún iṣẹ́ yìí ju 4GB RAM pẹ̀lú HDD 1,000GB lọ fíìfíì. 4GB tí Microsoft kọ sílẹ̀ pé ó kéré jù fún Windows 11, ti pé kí Windows fúnra rẹ̀ rí ibi jókòó ni. Ẹni tó bá ní lọ́kàn láti máa fi Android Studio ṣe áàpù fóònù, kí ó wá 16. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí a tan ẹ̀rọ náà níwájú ọlọ́jà, kí a tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí a sì ṣí Performance nínú fèrèsé tó bá jáde. Lábẹ́ Memory, bí a bá rí "Slots used: 1 of 2", ojú ihò kan ṣì ṣófo, a lè fi RAM kún un lọ́jọ́ iwájú. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. Ohun tí a bá rà náà la ó lò títí.

Ti Core i7, orúkọ processor Intel, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ oyè ni. Bí a bá gbọ́ "Ọbaro ti Kàbbà", a mọ ipò náà, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ Ọbaro ìgbà wo. Core i7-4600U ti ọdún 2013, ìran kẹrin (4 tó ṣáájú nínú 4600 ló sọ bẹ́ẹ̀), ní core 2, ìyẹn ọwọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́. Core i5-8250U ti ọdún 2017, ìran kẹjọ, ní 4. Nínú ẹ̀yà Core ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 sì sábà ń gbà, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i7 ni kí a kà.

Ó ku bátìrì, tí kò ṣeé fojú fò ní ibi tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú. Nínú fèrèsé Command Prompt, kí a tẹ powercfg /batteryreport, kí a sì ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. DESIGN CAPACITY ni agbára tí bátìrì ní nígbà tó jáde láti ilé iṣẹ́, FULL CHARGE CAPACITY ni èyí tó kù lára rẹ̀ lónìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 tí èkejì sì jẹ́ 22,000, kí a yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ọlọ́jà pè.