Òjìjí ọ̀sà, òjìjí òkun

Apẹja tó bá ti fọwọ́ kan òjìjí rí nínú àwọ̀n ní ọ̀sà Ìwópin, tí apá rẹ̀ kú dé èjìká, kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ẹja yìí fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí àwa ará Ìjẹ̀bú jáwọ́ nínú rẹ̀: pé iná wà lára òjìjí nígbà gbogbo, bíi wáyà tó ṣí sílẹ̀. Irọ́ ni. Àfi tó bá pàṣẹ ni iná ń jáde, ìtàkìjí kọ̀ọ̀kan kì í sì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Abẹ́ awọ ni ohun tó ń ṣe iná náà wà, ó yí i lára ká bí ẹ̀wù. Iṣan ni látilẹ̀, irú èyí tí ẹran fi ń rìn, àmọ́ kò mọ fífà mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀. Bí àṣẹ bá dé, ojú kan sẹ́ẹ̀lì á ṣí, iyọ̀ inú omi ara á ya wọlé. Ojú kejì kò ní ṣí. Ìyàtọ̀ àárín ojú méjèèjì ni iná, kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá volt lọ (volt ni a fi ń wọn agbára tó ń ti iná). Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lágbára ju mẹ́wàá irú rẹ̀ lọ.

Báwo wá ni iná òjìjí ṣe ń dé nǹkan bí 350 volt? Ẹ rántí Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Bí ẹnì kan bá dá kí Kábíyèsí láti àárín pápá, ta ni yóò gbọ́? Ṣùgbọ́n bí odindi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá kí i lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á mì. “Lẹ́ẹ̀kan náà” yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó le. Nínú òjìjí, sẹ́ẹ̀lì ńlá méjì péré, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ń darí àìmọye ọmọ ẹgbẹ́. Méjì! Kò sí ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ tí àṣẹ rẹ̀ ń dé etí gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Nínú òkun, ẹja kan tí kò bá òjìjí tan ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Torpedo ni orúkọ rẹ̀: ó rí pẹlẹbẹ bí àwo, ó ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ni iná rẹ̀ wà. Omi oníyọ̀ máa ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Omi tí kò níyọ̀ máa ń dí i lọ́nà. Ẹnu ọ̀nà tóóró ni omi òjìjí, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tò sẹ́yìn ara wọn gbọọrọ, kí ẹni ẹ̀yìn lè máa ti ẹni iwájú. Ẹnu ọ̀nà gbàràgàdà ni òkun. Títì kọ́ ni torpedo nílò bí kò ṣe èrò púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi kúrú, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Volt rẹ̀ kéré sí ti òjìjí, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣàn jáde pọ̀ jù. Ìṣòro kan, ojútùú méjì: èyí ló wú mi lórí jù.

Ní 1800, Alessandro Volta ti Ítálì to fàdákà àti síǹkì léra, ó fi aṣọ tí omi iyọ̀ rin sáàárín wọn, ó sì fi í wé ara torpedo. Bátìrì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ti Volta máa ń kú. Ti ẹja, bó bá ta á léraléra, ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni. Á sinmi, á jẹun, á tún gbéra.