Èjìká bàálù: ìdí tí àfikún irin kì í fi í sọ apá di alágbára

Ẹ̀rù kan wà tí kì í fi ẹni tó ń kan bàálù kékeré nílé ara rẹ̀ sílẹ̀: kí apá má lọ ṣẹ́ lókè. Ẹ̀rù náà tọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nípa rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Wọ́n á wo àwòrán iṣẹ́, wọ́n á rí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á ní èyí kò lè gbé èèyàn, wọ́n á sì fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n kan òmíràn mọ́ ọn. Èrò pé bí irin bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ṣe máa pọ̀ tó ti wọ ọ̀pọ̀ lọ́kàn, ó sì léwu gan-an.

Bí bàálù tó wọ̀n 600 kílò bá ń fò lọ jẹ́ẹ́, nǹkan bíi 600 kílò ni apá méjèèjì jọ ń rù. Bí awakọ̀ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 60 dígírì láti yí po, tí kò sì jẹ́ kó lọ sílẹ̀, ẹrù náà á di ìlọ́po méjì. Ìjì, tàbí fífa ọ̀pá ìdarí lójijì, lè gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Fún bàálù kékeré tí kò wà fún eré ìtàkìtì, òdiwọ̀n tó gbajúmọ̀ ni ìlọ́po 3.8; fún ti ìtàkìtì, ìlọ́po 6. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún fi ìdajì rẹ̀ lé e, tí 3.8 á fi di 5.7, ìyẹn 3,420 kílò fún bàálù wa yìí. Ní 3.8, apá lè tẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ padà sípò. Láàárín 3.8 sí 5.7, ó lè tẹ̀ kó má padà mọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ já. Kì í ṣe awakọ̀ ni wọ́n fi ìdajì yẹn ta lọ́rẹ. Àbùkù inú irin tàbí pákó àti àṣìṣe ọwọ́ ẹni tó kàn án ló wà fún.

Apá ni Yorùbá ń pe ohun tí bàálù fi ń fò, orúkọ náà sì bá a mu ju bí a ṣe rò lọ. Kí èèyàn na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọọrọ, kó fi garawa omi kọ́ ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ké gbàjarè, èjìká ni. Gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń ti apá bàálù ló ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí èjìká, ìyẹn ìdí apá níbi tó ti so mọ́ ara bàálù, bí ibẹ̀ bá sì ṣe jìnnà tó ni ẹrù náà ṣe ń wúwo tó lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí egungun inú apá fi lè tínrín ní ṣóńṣó, tó sì máa ń ki ní ìdí.

Ṣùgbọ́n garawa ń fa apá èèyàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti ti bàálù sókè. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ egungun náà ló ń nà, òkè rẹ̀ ló ń fún pọ̀. Ọ̀pá kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, pákó pẹlẹbẹ kan sì wà láàárín tí kò jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kọjá ara wọn. Bí àlàfo àárín ọ̀pá méjèèjì bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fara dà yóò dín sí ìdajì. Àlàfo lásán ló ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì wọ̀n nǹkan kan. Ọgbọ́n yìí jọni lójú gan-an. Igi tún máa ń fara da fífà ju ìfúnpọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá òkè fi sábà máa ń nípọn ju ti ìsàlẹ̀ lọ nínú apá onípákó. Ẹni tó bá rò pé àṣìṣe ni, tó wá fá a kó lè dọ́gba, ti gé agbára kúrò níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí páànù nípọn tí wọ́n kàn mọ́ èjìká? Ibi tó bá le jù ló ń fa ẹrù mọ́ra. Ní etí páànù náà, níbi tí nípọn ti pàdé fẹ́lẹ́ lójijì, ẹrù ọ̀hún á wọ́ jọ, ibẹ̀ ni irin á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Bí wọ́n bá tún lu ihò bóòtù síbẹ̀, wàhálà dé: ní etí ihò róbótó nínú páànù fífẹ̀ tí a ń fà, ìfà náà ń tó ìlọ́po 3 èyí tó wà níbi tó jìnnà sí ihò. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ máa ń gé etí àfikún bí ahọ́n, kí nípọn lè máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kílò kan tí a fi kún bàálù máa ń di kílò 3.8 nígbà tí ẹrù bá dé òdiwọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn pẹpẹ kékeré tó ń ká sókè-sódò lẹ́yìn apá ni ìwúwo náà bọ́ sí, ó lè mú kí apá máa gbọ̀n rìrì títí tó fi máa ya. Ọ̀dà lásán tó láti fa èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ìdọ́gba pẹpẹ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn kíkùn.

Nínú apá onípákó, níbi tí gọ́ọ̀mù ti ń so igi mọ́ra, ojú ìsopọ̀ náà gba àkíyèsí. Nígbàkigbà tí wọ́n bá po gọ́ọ̀mù tuntun, ó yẹ kí wọ́n lẹ pákó kéékèèké méjì pọ̀, kí wọ́n sì fi agbára ya wọ́n lẹ́yìn tó bá gbẹ. Igi ló yẹ kó ya. Bó bá jẹ́ ojú gọ́ọ̀mù ló ṣí, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣe é fò.

Ní Amẹ́ríkà, òfin fẹ́ kí ẹni tó ń kan bàálù fún ìgbádùn tàbí ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí bàálù náà dé òdiwọ̀n agbára tí wọ́n là sílẹ̀ fún ti ilé iṣẹ́ ńlá. Òmìnira yìí dára, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà àtàtà ló ti inú rẹ̀ jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń dá ẹni tó bá yí àwòrán padà dúró. Àpò yanrìn nìkan ló lè dá a lóhùn. Wọ́n á dojú apá dé, wọ́n á to àpò sí i, púpọ̀ ní ìdí, díẹ̀ ní ṣóńṣó, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa tì í gan-an, títí ẹrù á fi dé 3.8. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ògiri níbi tí ṣóńṣó wà. Bí wọ́n bá kó àpò kúrò tán, tí ṣóńṣó kò padà sójú àmì, kódà bó bá ku díẹ̀ bíńtín, ohun kan ti yẹ̀ ní èjìká, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u wò.