Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń dé orí fóònù akẹ́kọ̀ọ́, àti iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó gbọ́ èdè

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ló ṣì gbà pé ẹni tó bá kàwé èdè, ì báà jẹ́ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá fúnra ẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún un, kó mú ṣọ́ọ̀kì kó lọ dúró níwájú pátákó. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè lórí fóònù yìí, ẹ̀rọ ò dá wọn ṣe, gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ níbẹ̀ ló ní ẹnì kan tó jókòó rò ó, ẹnì kan tó sọ ọ́ sínú máìkì, ẹnì kan tó yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè dáadáa. Kó lè yé èèyàn, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ká máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀.

Kí ọkọ̀ tó wọ inú ẹ̀kọ́, ẹnì kan ló máa kọ́kọ́ sọ pé ibi báyìí ló yẹ kó wà. Iṣẹ́ ẹni tó ń to ẹ̀kọ́ nìyẹn, concepteur pédagogique làwọn elédè Faransé ń pè é, òun ló ń sọ pé ẹ̀kọ́ kẹta ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ, pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ ọkọ̀ kó tó pàdé "mo fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ouando". Òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni ti Conseil de l'Europe, A1 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ títí dé C2 fún ẹni tó gbọ́ èdè délẹ̀, èyí tó jáde ní 2001. Òṣùwọ̀n yẹn wúlò o, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ máa ń dá lórí bí èèyàn ṣe ń kí èèyàn, tí wọ́n bá wá kàn túmọ̀ bonjour sí Yorùbá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló ń kí ta? Ṣé ọmọ ló ń kí àgbà, ṣé àárọ̀ ni àbí ọ̀sán, ṣé ẹni tí wọ́n ń kí jókòó ni àbí iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́? Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, bonjour ò lè gbé ìkankan nínú wọn. Áàpù tó bá kọ́ àlejò ní "káàárọ̀" lásán, tí àlejò yẹn wá lọ sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan nínú agboolé, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó to ẹ̀kọ́ yẹn ló ṣe é fún un. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ lédè rí mọ ohun tó máa ṣe, á ní kí wọ́n ya àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ síwájú ìbéèrè, kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú ara ẹ̀ rí ẹni tó dàgbà jù kó tó yan "o" tàbí "ẹ".

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kíkọ. Ní Benin, ọ̀nà méjì ni ojú èèyàn ń bá Yorùbá pàdé. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ní 1975, tí wọ́n tún tún ṣe ní 1990 àti 2008, ɔ ló ń lò níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ọ, ɛ dípò ẹ, sh dípò ṣ, kp dípò p, torí náà ọkọ̀ á di ɔkɔ̀, pẹ́pẹ́yẹ á di kpɛ́kpɛ́yɛ. Ẹni tó fi ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ilẹ̀ yìí kọ́ Yorùbá kíkà, yálà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, irú ìyẹn ló mọ̀, tó bá wá ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Nàìjíríà ló máa kún ojú ẹ̀ torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ ti ń wá. Áàpù tó bá fẹ́ wúlò níhìn-ín gbọ́dọ̀ gba méjèèjì wọlé, kò yẹ kó máa bá èèyàn jà lórí pé bàbá ẹ̀ fi ɔ kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí akẹ́kọ̀ọ́ nínú jù, ojú ò tiẹ̀ rí i rárá. Fóònù ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, níbẹ̀, ọ ní nọ́ńbà tiẹ̀, 1ECD, àmọ́ èèyàn tún lè tẹ o lásán kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 0323 sí i, lójú tiwa nǹkan kan náà ni, lójú ẹ̀rọ nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn kan ò sì lo àmì yẹn, ìlà kékeré tó nàró, 0329, ni kíbọ́ọ̀dù tiwọn ń tẹ̀ jáde. Ẹ wá gbé àmì ohùn lé e lórí, ó tún di nǹkan míì, torí ọ̀ tó lámì nísàlẹ̀ tó tún lámì lókè ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ tiẹ̀, àfi kí wọ́n to nọ́ńbà pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ɔ̀ tiwa. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe tẹ ọkọ̀ bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, á rí àmì pupa pé kò gbà á, á tún un tẹ̀, àmì pupa, á wo ìdáhùn tí wọ́n ní kó jẹ́, á rí i pé ohun tóun tẹ̀ náà ni, á rò pé orí òun ni ò pé, á pa áàpù yẹn rẹ́ lórí fóònù. Àtúnṣe ẹ̀ ò le rárá. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ àti ìdáhùn tó wà nílẹ̀ di irú kan náà kí wọ́n tó fi wọ́n wéra, NFC lorúkọ ọ̀kan nínú irú bẹ́ẹ̀, 0329 ní tiẹ̀, NFC ò kàn án, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ yí i padà sí 0323. Kóòdù díẹ̀ báyìí ni. Àmọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù tí kò gbọ́ Yorùbá ò lè mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ àfi tí elédè bá jókòó tì í, ìjókòótì yẹn gan-an iṣẹ́ ni, àyẹ̀wò èdè, wọ́n sì ń sanwó ẹ̀.

Ó wá kan ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ohun tí wọ́n fi ń roko, ohun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí Cotonou, ohun tí wọ́n fi ń gún ẹran. Tó bá ti rẹ ẹni tó ń gbohùn sílẹ̀, tó jẹ́ kí ìparí ọkọ̀ fò sókè díẹ̀ péré, ẹni tó ń kọ́ ọ nílùú òkèèrè á máa sọ fáwọn èèyàn ẹ̀ pé òun wọ ọkọ́ wá sílé.

Sítúdíò ńlá ò pọn dandan. Iyàrá kékeré tó kún fáṣọ dáa ju pálọ̀ ńlá tó mọ́ lóló lọ, torí aṣọ ló ń gbé ohùn mì, ògiri ṣe ló ń dá a padà. Wọ́n á gbé fóòmù ti ògiri, wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, wọ́n á pa fáànù, wọ́n á yọ fìríìjì kúrò níná, wọ́n á wá gbé máìkì síwájú ẹnu ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà máa lù ú. Àkókò tó dáa jù ni lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí zémìjàn (ọ̀kadà) tó gba títì. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: téèyàn bá ń ka ọ̀rọ̀ tẹ̀ léra wọn bí ẹni ka orúkọ, ohùn ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfura, ọ̀rọ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ ìwé á wá dún bí ẹni pé ohùn ìsàlẹ̀ ló ní nígbà tó jẹ́ pé ohùn àárín ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n á sì yí ipò ọ̀rọ̀ padà nígbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣa èyí tó dáa jù.

Audacity ni ọ̀pọ̀ ń lò láti gé e, ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá wá fẹ́ rí ohùn yẹn sójú, Praat wà, ọ̀fẹ́ lòun náà, Paul Boersma àti David Weenink ní Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é. Á ya ohùn bí ìlà: ọkọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ́ á gun òkè níparí, ọkọ̀ á já wálẹ̀. Ọmọ Gun tàbí òyìnbó tó ti ń gbọ́ ọ tí kò dá a mọ̀, ìgbà tó bá rí ìlà yẹn ni etí ẹ̀ máa ń là. Fáìlì WAV ìṣẹ́jú kan, irú èyí tí wọn ò fún pọ̀, tó bá jẹ́ mónò tí wọ́n wọn ohùn ẹ̀ nígbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ̀lú bíìtì 16, tó MB 5.3, tí wọ́n bá fún un pọ̀ di MP3 kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò ju KB 480 lọ, ìdá kan nínú mọ́kànlá. WAV làwọn tó gbọ́n ń tọ́jú, MP3 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù, torí forfait (dátà) tí akẹ́kọ̀ọ́ rà ló máa gbé e.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti wọ fóònù tán, ìgbà wo ló yẹ kó padà wá sójú akẹ́kọ̀ọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi ara ẹ̀ dánwò, ó sì gbé e jáde ní 1885 pé ohun téèyàn kọ́ tí kò yẹ̀ wò mọ́, kíá ló ń sá lọ. Sebastian Leitner wá gbé ọgbọ́n páálí jáde ní 1972: kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, káàdì tí o bá mọ̀ á lọ sí páálí tó tẹ̀ lé e, èyí tí o kì í tètè ṣí, èyí tí o bá gbàgbé á padà sí páálí àkọ́kọ́. Piotr Woźniak ní Pólándì gbé e wọ kọ̀ǹpútà ní 1987. Nínú ìṣirò tiẹ̀ tí Anki, áàpù káàdì kan, gbé ti ara ẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á padà lẹ́yìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n á wá máa fi 2.5 ṣe ìlọ́po ẹ̀, ó di ọjọ́ 15, ó di nǹkan bí 38, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kan. Páálí bàtà mẹ́ta àti ìwé tí wọ́n gé ń ṣe iṣẹ́ kan náà o, kò ní kí iná wà. Ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣe ni kó mọ ohun tó yẹ kó wà lójú káàdì. Káàdì tó kọ "ọkọ̀, voiture" nìkan ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó yẹ kí ohùn wà níbẹ̀, àwòrán, àti gbólóhùn tí ọkọ̀ wà nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù á máa kó ìdáhùn jọ. Ká ní èèyàn 100 dáhùn ìbéèrè ọkọ̀ tí 80 nínú wọn yan ọkọ́, kò dájú pé àwọn 80 yẹn ló yọ̀lẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó gbohùn sílẹ̀ ló ṣì í. Ẹni tó ń ka àbájáde yìí tó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣì í, wọ́n ń wá irú ẹ̀ gan-an.

Iṣẹ́ míì ni ti ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Common Voice, àkójọ ohùn tí àjọ Mozilla dá sílẹ̀ ní 2017, Yorùbá wà níbẹ̀, èèyàn á ka gbólóhùn sínú fóònù, àwọn míì á gbọ́ ọ, tí méjì bá gbà pé ó tọ̀nà, ó wọlé. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn, kò sówó ńbẹ̀, àmọ́ ó ṣe pàtàkì gidi, torí ẹ̀rọ tó jẹ́ ohùn Èkó àti Ìbàdàn nìkan ló fi dàgbà, tí ará Ṣábẹ̀ẹ́ bá bá a sọ̀rọ̀, ó máa ní òun ò gbọ́. Ìtumọ̀ náà wà: Yorùbá ti wà lórí Google Translate láti 2013, Fọ̀n dé ibẹ̀ ní 2024, síbẹ̀ àwọn tó ń sanwó fún ìtumọ̀ ṣì ń wá ẹni tó máa tún ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ ṣe, ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé délẹ̀ bíi tàwọn ará Àjàṣẹ́ ò pọ̀ lọ́jà yẹn, àwọn ará Èkó tó pọ̀ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀.

Àwọn tó ń fi fídíò kọ́ni náà ò gbọ́dọ̀ gbàgbé Brazil. Orúkọ Kétu ni ẹ̀ka Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, tó gbajúmọ̀ ní Bahia ń jẹ́, àwọn tó ń fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ lórin ní Yorùbá sì wà níbẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Àjàṣẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Salvador, olú ìlú Bahia, olùkọ́ tó ti ti kíláàsì dé lè bá wọn jókòó fún wákàtí kan.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ohun tó ṣe ni wọ́n máa wò ju ìwé ẹ̀rí lọ, ẹ̀kọ́ kan tó pé, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ, ohùn mẹ́jọ, ìbéèrè márùn-ún, ó tó láti fi han èèyàn. Ìwé àdéhùn wá ni kó fara balẹ̀ kà, pàápàá tó bá jẹ́ ohùn ni wọ́n fẹ́ rà. Ẹ wò ó bóyá áàpù kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ lò ó fún, bóyá ọdún kan ni àbí títí láé, bóyá wọ́n lè fi kọ́ ẹ̀rọ tó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ín, tí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.