Arọ́pò-orúkọ aṣàpèjúwe nínú èdè Faransé

Nínú gírámà èdè Faransé, arọ́pò-orúkọ aṣàpèjúwe ni ọ̀rọ̀ tó ń so ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́ awẹ́ gbólóhùn tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn ni qui, que, dont, où, lequel àti quoi. Iṣẹ́ tí "tí" ń dá ṣe nínú èdè Yorùbá ni wọ́n pín mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Qui ń dúró fún olùwà, que fún àbọ̀, ì báà jẹ́ ènìyàn tàbí nǹkan: la femme qui chante (obìnrin tó ń kọrin), le pain que je mange (búrẹ́dì tí mò ń jẹ). Bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé que, a ó gé e sí qu'. Qui kì í gé nínú ìkọ̀wé. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, àmọ́ ó lè dojú ọ̀rọ̀ rú. Le chasseur qui a vu le lion ni ọdẹ tó rí kìnnìún. Le chasseur qu'a vu le lion ni ọdẹ tí kìnnìún rí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni èdè náà ń gé qui pẹ̀lú, ó wá di pé kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ mọ ẹni tó rí ẹnì kejì.

Que tún ń mú kí ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá avoir (ọ̀rọ̀ ìṣe aṣèrànwọ́ tó ń fi ohun tó ti kọjá hàn) rìn bá àbọ̀ mu ní akọ tàbí abo, ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀: j'ai écrit la lettre (mo kọ lẹ́tà náà), àmọ́ la lettre que j'ai écrite (lẹ́tà tí mo kọ), nítorí abo ni lettre. Clément Marot, akéwì tó kú ní 1544, wà lára àwọn tó gbé òfin yìí lárugẹ, àpẹẹrẹ èdè Ítálì ló sì tẹ̀ lé. Etí ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà nínú écrite; nínú la robe que j'ai achetée (aṣọ tí mo rà), ojú nìkan ló ń rí i, ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé pàápàá fi ń gbàgbé rẹ̀.

Dont ló ṣòro jù fún Yorùbá. Ó ń rọ́pò de (ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó sábà ń fi "ti" hàn) àti ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e: l'homme dont la fille est malade, ọkùnrin tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣàìsàn. "Rẹ̀" yẹn kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wa dé inú Faransé. Dont sa fille kò tọ̀nà, nítorí dont ti gbé ìtumọ̀ "rẹ̀" dání. Òun náà là ń lò fún ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń gba de: le livre dont j'ai besoin (ìwé tí mo nílò), láti inú avoir besoin de.

Où wà fún ibi (la ville où je suis né, ìlú tí wọ́n bí mi sí) àti fún àkókò (le jour où il est parti, ọjọ́ tó lọ).

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ atọ́kùn, qui ni a sábà máa ń lò fún ènìyàn (l'ami avec qui je travaille, ọ̀rẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́), lequel sì ni fún nǹkan. Lequel ń yí padà bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá jẹ́ akọ tàbí abo, ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀: la table sur laquelle j'écris (tábìlì tí mò ń kọ̀wé lórí rẹ̀). Ó ń yọ́ pọ̀ mọ́ à di auquel, mọ́ de di duquel, àfi laquelle tí kì í yọ́. Lẹ́yìn parmi (láàárín ọ̀pọ̀) àti entre (láàárín), lesquels ni a ń lò, kódà fún ènìyàn.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ orúkọ kankan níwájú, ce ló ń gba ipò rẹ̀: ce qui, ce que, ce dont, bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn mìíràn bá wà, quoi ni: ce à quoi je pense, ohun tí mò ń rò.